Ọjọ́ Àìkú tí Ìsàn Tẹ́tí sí Seoul

Agogo mẹ́fà àárọ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2007. Kùrukùru ṣì bo àwọn òkè tó yí Ìsàn-Èkìtì ká, ṣùgbọ́n ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà, agogo méjì ọ̀sán ti lù. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Ibẹ̀ ni wàhálà ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ, Nàìjíríà àti Sípéènì, alẹ́ ni wọn yóò gbá a lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wa níbí, yóò bọ́ sí àsìkò tí àlùfáà bá ń gun orí àga ìwàásù lọ.

Rédíò ló kọ́kọ́ jí nílé púpọ̀. Bátìrì tí wọ́n ti sá sóòrùn láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi ọkàn wọn balẹ̀ pé bọ́ọ̀lù náà kò yẹ̀.

Ìfẹ́ tí ìlú ní sí àwọn ọmọ yìí kò tíì pẹ́. Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní Lomé, tí wọ́n na Tógò onílé 1-0, ta ló gbọ́? Kòríà ló sọ wọ́n di ọmọ wa. Wọ́n na Faransé 2-1, wọ́n na Jàpáánù 3-0, wọ́n na Haiti 4-1. Colombia gba 2-1 tirẹ̀, Ajẹntínà gba 2-0. Ọjọ́ tí wọ́n na Ajẹntínà yẹn ni àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ wọn. Nígbà tí Jámánì, tí Toni Kroos wà nínú wọn, tún gba 3-1, kò sí ẹni tó ṣì ń pè wọ́n ní "àwọn ọmọdé kan". Golden Eaglets ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé ìròyìn. "Àwọn ọmọ wa" ni wọ́n ń jẹ́ ní Ìsàn.

Agogo méje

Ìsìn àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ọ̀dọ́. Ti àwọn ìyá àgbà ni, àti ti ẹni tó fẹ́ tètè lọ wo ìdẹ tó dẹ sóko. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn géńdé ló kún àga ẹ̀yìn, wọ́n wẹ̀, wọ́n fi òróró para, wọ́n ń kọ orin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè ìjọ. Àlùfáà ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó mọ̀. Ẹni tó bá jọ́sìn láàárọ̀ kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè mọ́ tó bá di agogo mọ́kànlá.

Nígbà tí àdúrà kan orílẹ̀-èdè, ó fi "àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Kòríà" kún un, àmín tó tẹ̀ lé e sì nípọn ju èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn aláṣẹ lọ. Ó tún dárúkọ Yẹmí Tella.

Tella ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Olùkọ́ ni ní National Institute for Sports l'Ékòó, ara rẹ̀ ò sì yá rárá. Ìròyìn àìsàn rẹ̀ ti dé etí wa ṣáájú ọjọ́ náà, a sì mọ̀ pé pẹ̀lú rẹ̀ náà, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ dé Kòríà. Bàbá kan tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ́lé àti adájọ́ bọ́ọ̀lù sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé ti bọ́ọ̀lù ò kan òun, àmọ́ òun fẹ́ kí ọkùnrin yẹn rí nǹkan mú dání bọ̀ wálé. Irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Super Eagles kì í rí wọn mú. Ohun tí ìdíje ọmọdé fi ń fa àgbà ni pé kò sí owó ńlá nínú rẹ̀, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ọmọ ni, ọmọ ẹni kò sì ṣeé wò níran kéèyàn má dá sí i.

Agogo mẹ́sàn-án

Epo.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ títí ìjọba fi dá iye lítà kan padà láti náírà 75 sí 70. Ìyẹn, níbi tí ilé epo bá ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, iye tí ọmọkùnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ igi bá pè ni iye epo. Ẹni tó ni ilé ìwo bọ́ọ̀lù na owó sí i, ó kùn, ó tún na owó sí i. Kò gbọ́kàn lé iná ìjọba. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ NEPA padà sí PHCN, òkùnkùn ò sì mọ̀ pé orúkọ ti yí padà.

Ilé ìwo bọ́ọ̀lù náà, ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n wó ògiri àárín rẹ̀ ni. Páànù ló wà lórí, kò sí àjà, oòrùn agogo méjìlá a sì máa sọ ibẹ̀ di ààrò. Lọ́sẹ̀ mìíràn, Chelsea ló ń jókòó sápá ọ̀tún, Arsenal sí òsì, Manchester United ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè tètè sá tí wọ́n bá fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn dà pọ̀. Ọmọ Arsenal kan ṣàṣìṣe, ó ní kí a ṣọ́ra fún Fran Mérida, pé ọmọ wọn ni, pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ burú. Wọ́n yí sí i: "Tìrẹ ni Mérida? Ó yá, máa bá a lọ sí Sípéènì!" Ó tọrọ gáfárà kó tó rí àyè jókòó.

Agogo mẹ́wàá

Bí bọ́ọ̀lù ò bá tíì bẹ̀rẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń gbá a. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló kọ́kọ́ jáde, bí ó ṣe máa ń jáde. Ẹnì kan ní òun rí ẹni ọdún 17 tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ti òun tí òun ti bí ọmọ mẹ́ta. Ilé wó fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà ní egungun nínú, nítorí FIFA ti fìgbà kan fòfin de Nàìjíríà ọdún méjì gbáko nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ lórí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, ọdún 1989 nìyẹn. Ó sì di ọdún 2009 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò nínú ìdíje yìí gan-an. Èmi ò dá ẹnì kankan lẹ́jọ́ nínú àwọn ti 2007. Ohun tí mo rí ni pé àwọn òǹwòran lè fi ọjọ́ orí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n sì sunkún fún "àwọn ọmọ kéékèèké yẹn" lọ́sàn-án, kí ọ̀kan má sì dí èkejì lọ́wọ́.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ti ọdún 1985. Orí rédíò ni òun ti gbọ́ ọ: Beijing, Ṣáínà, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà 2, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì 0. Jonathan Akpoborie gbá ọ̀kan, Victor Igbinoba gbá ọ̀kan. Ife FIFA àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan gbà nìyẹn, ọmọdé ló sì gbà á.

"Ẹ wá wò ó," Tíṣà ní, "ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ìjọba Buhari dà? Babangida ti gbà á. Ẹ tún wo 1993. Babangida yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, àwọn Kanu na Gánà 2-1 ní Tokyo. Ìgbà tí ilé àgbà bá ń mì làwọn ọmọ yìí máa ń gba ife."

"Ẹ̀yin Tíṣà, nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ṣé nísinsìnyí ni ilé ò mì ni?"

Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Ìsàn ni ìlú Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìdìbò gómìnà oṣù Kẹrin sì ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì tí kò jìnnà sí wa, ni INEC kéde, òun ló sì wà lórí àga. Kò sí ìjókòó èèyàn mẹ́ta ní Ìsàn lọ́dún náà tí ẹjọ́ yẹn ò yọ́ wọ̀. (Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2010 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó gbé ipò náà fún Fáyẹmí. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò já sí.) Onílé ní kí wọ́n gbé òṣèlú síta, pé iná ti fẹ́ tàn.

Agogo mọ́kànlá

Nǹkan bí agogo mọ́kànlá ni àwòrán yọ: pápá ìṣeré Seoul World Cup Stadium, èyí tí wọ́n kọ́ fún ife àgbáyé 2002, koríko rẹ̀ ń dán lábẹ́ iná. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ nítorí iná yẹn nìkan.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà nílẹ̀ fún wa. Bojan Krkić, ọmọ Barcelona tó lé Gánà jáde nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí, ti gba lílé jáde nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà, kò lè gbá àṣekágbá. Ìròyìn kejì dùn mọ́ àwọn kan ju bó ṣe yẹ lọ: Jámánì ti na Gánà 2-1 du ipò kẹta. Ẹ̀gbọ́n ni wá sí Gánà nínú ọ̀rọ̀ yìí, tàbí kó jẹ́ àwọn ni ẹ̀gbọ́n, èyí tó wù kó jẹ́, kò sí ẹni tó bá wọn kẹ́dùn.

Mi ò ní purọ́ pé abala àkọ́kọ́ dùn. Sípéènì mọ bọ́ọ̀lù pín fúnra wọn, àwọn ọmọ wa mọ bí a ṣe ń sáré gbà á padà. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ẹsẹ̀ Macauley Chrisantus, bẹ́ǹṣì á gbéra nílẹ̀, nítorí góòlù méje ló ti gbá wọlé ní Kòríà. Ṣùgbọ́n ọmọ gíga kan tó ń jẹ́ David de Gea ló ń ṣọ́lé fún wọn, kò sì sí ohun tó wọ ibẹ̀. Òdo sí òdo.

Ìsìn kejì ṣẹ́ ní àkókò ìsinmi. Ìyẹn ló yí ọjọ́ náà padà. Àwọn ìyá tó wọ lésì, tí wọ́n wé gèlè, Bíbélì lábẹ́ abíyá, dúró lójú fèrèsé láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gèlè wọn sì bo ojú gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọn ò lọ. Ọ̀kan béèrè èwo ni tiwa. Wọ́n sọ fún un. Ó wò wọ́n, ó ní, "Wọ́n ti rù jù."

Agogo méjìlá

Odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò sí bí ọjọ́ Àìkú ṣe lè kọjá ní Èkìtì láìsí iyán, kò sì sí àṣekágbá tó lè dá ọmọ odó dúró. Láti ilé kan dé èkejì, gbì, gbì, gbì, títí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n fi rì sínú rẹ̀. Màmá kan ní ilé kejì sí ọ̀dọ̀ wa rán ọmọ rẹ̀ kó wá pe bàbá rẹ̀ wá jẹun. Ọmọ dé, ó rí bọ́ọ̀lù, ó jókòó. Ó rán ìkejì. Ìkejì náà jókòó. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun fún iyán, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni ọmọ Sípéènì kan bá gbá bọ́ọ̀lù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ó gbá orí mú. Kò padà sílé mọ́.

Ìṣẹ́jú 90 pé, kò sí góòlù. Adájọ́ ní kí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, tó bá jẹ́ INEC ló ń kà á, wọn ì bá ti kéde Sípéènì láti àná. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Àfikún àkókò fẹ́ tán nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè mu èyí tó kù nínú táǹkì. Ó mu ún. Ó kú.

Ariwo tó sọ níbẹ̀, kò yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ tó ń ta epo lábẹ́ igi ti wà láàárín wa láti àárọ̀, ó ti ta èyí tó ní tán. Ọlọ́kadà kan gbé alùpùpù rẹ̀ sẹ́bàá ògiri. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ki ọ̀pá rọ́bà bọ táǹkì rẹ̀, ẹnì kan ti fi ẹnu fa epo, ó ń tutọ́, epo ń ṣàn sínú ike. Ọlọ́kadà ń pariwo, "Owó mi o! Owó mi o!" Wọ́n ní kó fara balẹ̀, pé Nàìjíríà ló jẹ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló mú un pariwo sí i.

Agogo kan

Torí náà, pẹnáritì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wà nínú òkùnkùn. Rédíò Tíṣà ló gbà wá. Gbogbo ilé yí i ká, àwọn ìyá fọwọ́ bo ẹnu àwọn ọmọ wọn kí wọ́n má sunkún, wọ́n sì rán èèyàn kó lọ bẹ ẹni tó ń gún iyán kó dá odó dúró. Odó dákẹ́. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Rédíò ń hó, ó ń sọ, ó ń hó, lẹ́yìn náà a gbọ́ orúkọ Ajíbóyè, a sì gbọ́ pé bọ́ọ̀lù Sípéènì kò wọlé.

Jẹnẹrétọ̀ gbá mú. Àwòrán padà. Oládélé Ajíbóyè wà lẹ́nu ilé, ó na apá méjèèjì. Tiwa wọlé. Tiwọn ò wọlé. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni Sípéènì gbá, kò sí ìkankan nínú wọn tó kan àwọ̀n. Mẹ́ta tiwa wọlé. 3-0, ó parí, kò tilẹ̀ dé ibi tí wọn yóò ti gbá márùn-ún pé.

Bẹ́ǹṣì kan ṣẹ́. Màmá oníyán gbá ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ mọ́ra, aṣọ ọkùnrin náà di funfun. Ọmọ Arsenal àárọ̀ yẹn ló ń jó jù, bóyá kí wọ́n lè gbàgbé Mérida. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, Ajíbóyè ti di ọmọ Èkìtì. Ẹnì kan mọ ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ẹnì kan bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Ìdó, ẹlòmíràn ní àwọn Ajíbóyè tó wà ní Ayédé ni. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò ná mi ní nǹkan kan.

Ife kẹta nìyẹn fún Nàìjíríà nínú ìdíje yìí, a sì ti bá Brazil dọ́gba.

Agogo méjì sí mẹ́rin

Ọ̀kadà já ewé mọ́ iwájú, wọ́n gba ọ̀nà Ìláfọ̀n lọ, wọ́n padà wá, fèrè ò dákẹ́. Ó ní ẹni tó ń jó láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìyá arúgbó kan rò pé ilé ẹjọ́ ló ti dá ẹjọ́ gómìnà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ni, ó ronú díẹ̀, ó ní ìyẹn náà dára, ó ń jó lọ.

Àwọn tó ní fóònù ń pe Adó, wọ́n ń pe Èkó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dí. Iyán ti tutù, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Agogo márùn-ún

Àwọn ọmọdé gba pápá ilé ìwé. Òkúta méjì ni wọ́n fi ṣe ilé, pẹnáritì nìkan ni wọ́n sì ń gbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Chrisantus ni gbogbo wọn ń jẹ́, ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni wọ́n ń tì sẹ́nu ilé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jà tìtorí ẹni tí yóò ṣọ́lé. Ajíbóyè mẹ́ta ló dúró láàárín òkúta méjì. Bọ́ọ̀lù ò lè wọlé.

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́

Ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tún fi pẹnáritì náà hàn, àwọn tó ti wò ó sì tún pariwo bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò parí sí. Bàbá tí mo bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ kò béèrè iye góòlù. Ó béèrè bóyá Tella wà láàyè láti rí i. Wọ́n ní ó rí i. Ó ní ó dára.

Tella gbé ife náà délé. Ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á.

Ní ti àwọn ọmọ náà, ohun tí a rò fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ohun tí ayé fún wọn lọ. Chrisantus lọ sí Hamburg, Rabiu Ibrahim lọ sí Sporting ti Lisbon, Lukman Haruna lọ sí Monaco, ó sì bá Super Eagles dé ife àgbáyé 2010. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ tó lọ sí Kòríà lọ́dún náà, Kroos tí a na 3-1 ló wá gba ife àgbáyé ti àwọn àgbà ní 2014, De Gea tí kò rí pẹnáritì wa mú ló sì di aṣọ́lé Manchester United ní ọdún 2011. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń kọrin orúkọ De Gea nínú ilé páànù kan náà, láti ẹnu àwọn tó fi í ṣẹ̀sín lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń fi èyí bú ìdíje àwọn ọmọdé, pé kò já sí nǹkan kan. Èmi ò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pariwo ní Ìsàn lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án kò yá owó lórí ọjọ́ iwájú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà ló rà, ó sì gba ọjọ́ náà pé.

Àfi ọlọ́kadà. Ó padà wá ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, ó bá onílé níbi tó ti ń kó bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ jọ. Ó ní lítà kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fà. Onílé ní kò tó ìdajì lítà, pé pẹnáritì mẹ́ta péré ni Sípéènì gbá, kí ló fẹ́ jẹ lítà kan àti ààbọ̀? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé kó máa wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ títí oṣù Kejìlá. Ọlọ́kadà ní àti ìyàwó òun ni o.

"Ìyàwó rẹ ń wo bọ́ọ̀lù?"

"Láti òní."